Láti Miami dé Maine: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn Àjò Gígùn Lórí Ọkọ̀ Ojú Omi Tara Ẹni

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá síbi ìgbéyàwó ọmọ òun ní Maryland ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, ẹ gba aṣọ ẹbí, ẹ sanwó rẹ̀, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ má sọ pé ọkọ̀ ojú omi lẹ máa gbé wá. Èmi sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. Torí pé mo ti dá ọjọ́ fún èèyàn, mo jáde sójú òkun ní Florida lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti àríwá, nígbà tí àwọn tó gbọ́n ti so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń jẹun. Wákàtí mẹ́rin ni omi fi nà mí kí n tó yí padà. Àwo fọ́, ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, ìgbéyàwó náà sì ṣojú gbogbo ẹbí àfi èmi.

Torí náà, ẹ ṣètò gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, àmọ́ ẹ má dá ọjọ́ tí ẹ máa dé fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ ẹlẹ́ńjìnì tirẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 35 sí 60, tó wà ní gúúsù Florida, tó sì fẹ́ tẹ̀lé etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà lọ sókè dé New York tàbí Maine.

Ọ̀nà inú àti ọ̀nà òde

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà inú ni Intracoastal Waterway, tí gbogbo atukọ̀ ń pè ní ICW. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ rí lórí ọ̀sà láti Ẹpẹ́ dé Èkó, tàbí tó mọ bí omi ṣe lọ láti Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ti mọ irú rẹ̀: òkun wà lápá kan, ilẹ̀ iyanrìn tín-ín-rín dá a dúró, omi tó rọra wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà. Níbi tí ọ̀sà tàbí odò kò ti pàdé, wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ẹ pọ̀. Ọ̀nà òde ni agbami gan-an.

Norfolk ní ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì ICW. Òdo ni Norfolk, Miami sì wà ní bí 1,090. Ẹni tó ń lọ sí àríwá ń kà á wálẹ̀ ni. Ohun kan tó ti da ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn rú ni pé máìlì orí ilẹ̀ ni ICW ń lò, nígbà tí máìlì ojú omi sì wà lórí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ yín. Máìlì ojú omi kan jẹ́ 1.15 máìlì orí ilẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ń sá nọ́ọ̀tì 8, ìyẹn máìlì ojú omi 8 ní wákàtí kan, máìlì 9.2 lẹ ń jẹ nínú ICW ní wákàtí kan.

Ní ọ̀nà òde, ìṣàn ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Gulf Stream. Àríwá ló ń ṣàn lọ, ó sì sún mọ́ ilẹ̀ gan-an ní àgbègbè Palm Beach. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti gúúsù, ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ni: ìṣàn náà lè fi nọ́ọ̀tì 2 tàbí 3 kún eré yín láìjẹ epo. Bí afẹ́fẹ́ bá yí sí àríwá, afẹ́fẹ́ ń ti omi sí gúúsù, omi ń ti ara rẹ̀ sí àríwá, ìgbì á wá dúró ṣánṣán bí ògiri, wọn á sì sún mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kò fi ní ráyè gbé imú sókè kí òmíràn tó dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Òfin tèmi ni pé bí lẹ́tà N bá wà nínú ibi tí wọ́n sọ pé afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ má jáde.

Bí mo ṣe máa ń pín in ni pé mo máa ń lo ọ̀nà òde lọ́jọ́ tí òkun bá tẹ́ bí ẹní, mo sì máa ń lo ọ̀nà inú ní gbogbo ọjọ́ yòókù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹnu omi, ìyẹn ibi tí ọ̀nà inú ti já sí òkun, ló ṣeé wọlé. Ẹ fi àwọn tí ọkọ̀ ńlá ń gbà ṣe ibi ìsádi yín: Lake Worth, Fort Pierce, Port Canaveral, St. Marys, Savannah, Charleston, Cape Fear, àti Beaufort ti North Carolina. Tí ẹ bá dé Beaufort yìí, ẹ wọlé, kí ẹ má sì jáde mọ́ títí dé Norfolk. Cape Hatteras ló wà níta níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní itẹ́ òkú Atlantic, orúkọ náà kò sì ṣàdédé dé. Kò sí ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ tí ẹ kò ní rí ní ọ̀nà inú.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbéra

Àsìkò ìjì ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ó sì parí ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kọkànlá. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti kọjá ibì kan sí àríwá kí àsìkò yìí tó dé. Ẹ ka ìwé tiyín kí ẹ tó ka máàpù, torí ibẹ̀ ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti àárín oṣù Kẹrin ló dára kí ẹ kúrò ní Florida. Bí ẹ bá ṣáájú ìyẹn, afẹ́fẹ́ àríwá ṣì pọ̀, òtútù sì ń dúró dè yín ní Virginia. Àwọn tí ọkọ̀ wọn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 65 sókè tún ní ìdí kan sí i: títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, wọn kò gbọ́dọ̀ sáré ju nọ́ọ̀tì 10 lọ láwọn ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lójú òkun Georgia àti àríwá Florida, nítorí ẹja àbùùbùtán tó ń bímọ níbẹ̀. Lókè sí i, dé ìtòsí New York, òfin náà ń dúró títí di òpin oṣù Kẹrin. Tí ẹ bá wà ní Chesapeake, omi ńlá tó wà lókè Norfolk, nínú oṣù Karùn-ún, tí ẹ sì kọjá New York nínú oṣù Kẹfà, Maine á gbà yín nínú oṣù Keje.

Gíga ọkọ̀, jíjìn rẹ̀, àti òùngbẹ rẹ̀

Ẹ wá okùn ìwọ̀n, kí ẹ sì wọn ọkọ̀ yín láti ojú omi dé ibi tó ga jù, tòun ti eriali. Ẹ má gba ohun tí ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ gbọ́, torí ẹni tó ta á fún yín lè ti gbé rédà lé e lórí. Afárá tí kì í ṣí lórí ICW máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 65, àmọ́ Julia Tuttle ní Miami kò ju 56 lọ, ti Cape May Canal ní New Jersey sì jẹ́ 55. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kò ní ìṣòro pẹ̀lú ìwọ̀nyí. Àwọn afárá kúkúrú tó ń ṣí ló kàn yín: bí ọkọ̀ yín bá lè gba abẹ́ wọn láìdúró, ọjọ́ yín á gùn. Òfin ní kí ẹ sọ eriali tó bá ṣeé sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó ní kí wọ́n ṣí afárá fún yín.

Ní ti jíjìn, ìjọba fẹ́ kí ICW jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 láti Norfolk dé Fort Pierce, àti 10 láti ibẹ̀ dé Miami. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Iyanrìn kì í kàwé. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ kò wọ inú omi ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ ló lè lọ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Ní ti epo, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká ní ẹ́ńjìnì yín ń mu gálọ́ọ̀nù dísẹ́ẹ̀lì 5 ní wákàtí kan tí ẹ bá ń sá nọ́ọ̀tì 8. Máìlì 1,090 tó wà láàárín Miami àti Norfolk á gbà yín ní bí wákàtí 118, ẹ ó sì jó bí gálọ́ọ̀nù 590. Ká ní ọkọ̀ yẹn kan náà lè sá nọ́ọ̀tì 18, tó sì ń mu gálọ́ọ̀nù 40 ní wákàtí kan. Á gbà yín ní wákàtí 53, gálọ́ọ̀nù á sì wọ 2,100. Ẹ kò sì lè sá eré yẹn jálẹ̀ rárá, nítorí ibi tí òfin ti ní kí a rọra pọ̀ ní Florida, nítorí màlúù omi tí wọ́n ń pè ní manatee àti nítorí ilé àwọn olówó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní tòótọ́, ó tún dín owó kù.

Níbikíbi tí ẹ bá ń lọ, ẹ pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò mọ̀.

Iye ọjọ́ ńkọ́? Máìlì 50 lóòjọ́ tó, ẹ má sì rìn lóru nínú ICW. Ọjọ́ 22 nìyẹn dé Norfolk. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un fún òjò, afẹ́fẹ́, àtúnṣe, àti ọjọ́ tí ó kàn wù yín láti sùn. Bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹni tó bá ní òun ṣe é ní ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ bi í léèrè ohun tó rí lọ́nà.

Àmì ojú omi

Ẹ fọkàn sí ibí yìí, torí ó ti gbé ọkọ̀ púpọ̀ sórí iyanrìn. Gbogbo ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Amẹ́ríkà ló mọ̀ pé tí a bá ń ti òkun bọ̀ wálé, àmì pupa máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nínú ICW, gúúsù ni wọ́n kà sí ọ̀nà ìwọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí àríwá, òsì ni pupa máa wà, àmì aláwọ̀ ewé á wà lọ́tùn-ún.

Ìṣòro dé níbi tí ICW bá ti pàdé odò ńlá tàbí ẹnu òkun. Àmì odò náà ní òfin tirẹ̀, pupa sì lè yí padà sọ́tùn-ún lójijì. Ohun tó máa gbà yín ni ohun kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àmì kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ ti ICW. Tó bá jẹ́ onígun mẹ́ta, ẹ fi sọ́wọ́ òsì. Tó bá jẹ́ onígun mẹ́rin, ẹ fi sọ́tùn-ún. Ẹ má wo àwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rárá. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìtọ́kọ̀ yín.

Ìjọba kò tẹ máàpù òkun oníbébà àtijọ́ mọ́, ti orí ẹ̀rọ ló kù. Ẹ máa tún un ṣe kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì ní ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan nínú ọkọ̀, ọ̀kan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń lo bátìrì tirẹ̀.

Georgia: ibi tí omi ti ń lọ sílé

Ní Miami, omi kì í kún ju bí ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, ẹ ó sì gbàgbé pé òkun ń mí. Georgia á rán yín létí. Níbẹ̀, láti ìgbà tí omi bá fà dé ìgbà tó bá kún, ó máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 9. Ibi tí ẹ fi ìdákọ̀ró sí lálẹ́ tí omi jẹ́ 14, ẹ lè jí bá 6 níbẹ̀. Okùn ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ gùn fún ti ìgbà tó kún, kì í ṣe ti ìgbà tí ẹ dé.

Ẹ kọjá Jekyll Creek, Little Mud River àti Hell Gate nígbà tí omi bá ti ju ìdajì lọ tó sì ń kún. Bí ẹ bá gun iyanrìn nígbà tí omi ń kún, ẹ mu tíì, omi á gbé yín. Bí ẹ bá gùn ún nígbà tí omi ń fà, ẹ se oúnjẹ alẹ́, torí ibẹ̀ lẹ máa wà. Ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fa ọkọ̀, bíi Sea Tow tàbí TowBoatUS, kí ẹ tó kúrò nílé. Coast Guard, ẹ̀ṣọ́ etíkun ìjọba, kì í wá fa ọkọ̀ tí ẹ̀mí kò sí nínú ewu nínú rẹ̀, owó fífà fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ sì máa ń dun ni.

Hell Gate méjì ló wà lójú ọ̀nà yìí, ọ̀kan ní Georgia, ọ̀kan ní New York. Beaufort náà méjì ni. Ti South Carolina, "Biúfọ́ọ̀tì" ni wọ́n ń pè é, ti North Carolina sì jẹ́ "Bófọ́ọ̀tì". Tí ẹ bá gbéra láti pe màrínà, ìyẹn èbúté àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́, ẹ mọ èyí tí ẹ ń pè.

Ẹ dúró ọjọ́ méjì ní Beaufort ti South Carolina. Ìlú ibẹ̀ ni wọ́n bí Robert Smalls sí, ẹrú tó jẹ́ atukọ̀ tó mọ omi yìí bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Lóru ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1862, ó gbé Planter, ọkọ̀ ogun àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó ń bá Ìjọba Àpapọ̀ jà, kúrò ní èbúté Charleston pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nínú rẹ̀, ó dé fìlà ọ̀gá ọkọ̀, ó fun fèrè tó tọ́ níwájú àwọn odi ológun, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ọkọ̀ Ìjọba Àpapọ̀. Ó di aṣòfin lẹ́yìn náà. Mi ò mọ ẹni tó tún ṣètò ìrìn àjò ojú omi jù ú lọ ní etíkun yìí. Tí ẹ bá háyà mọ́tò níbẹ̀, ẹ lè dé Sheldon, níbi tí Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi tẹ abúlé Ọ̀yọ́túnjí dó sí ní 1970. Ó máa ń ṣe èèyàn ní kàyéfì láti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kí ó sì bá ojúbọ òrìṣà nínú igbó South Carolina.

Carolina dé Norfolk

Nítòsí Camp Lejeune, àwọn ológun máa ń yìnbọn kọjá ICW fún ìdánrawò, wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà. Ẹ gbọ́ rédíò láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà, Albemarle Sound: ó fẹ̀, kò jìn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ti tó láti sọ ọ́ di ọbẹ̀ tó ń hó. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ kọjá rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan gba Coinjock àti Great Bridge, ó jìn, ó rọrùn. Èkejì gba Dismal Swamp Canal, odò àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1805, tí omi rẹ̀ dúdú bíi tíì, tí kò sì jìn ju bí ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Àwọn ẹrú tó sá lọ ti fi irà náà ṣe ilé rí. Bí ọkọ̀ yín kò bá jìn, ẹ gba ibẹ̀. Igi tó wà nísàlẹ̀ omi lè ha abẹ́ ọkọ̀, àmọ́ ìparọ́rọ́ ibẹ̀ tó owó ọ̀dà tí ẹ máa tún fi kùn ún lẹ́yìn náà.

Rédíò àti afárá

Channel 16 lórí rédíò inú ọkọ̀ ni kí ó máa wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo. Fún afárá, Florida, Georgia àti South Carolina ń lo 9. Láti North Carolina lọ sókè, 13 ni. Ẹ pe orúkọ afárá, orúkọ ọkọ̀ yín, pé àríwá lẹ ń lọ, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n máa ṣí. Ẹ dúpẹ́ tí ẹ bá kọjá tán, torí olùṣọ́ afárá tó wà níwájú lè máa gbọ́ yín.

Ìgbì tí ọkọ̀ yín bá fà sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín. Tó bá fọ́ nǹkan nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ẹ dín eré kù tí ẹ bá fẹ́ kọjá lára ẹnikẹ́ni.

Inú ọkọ̀

Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnì lójú òkun jù ni ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì. Nígbà tí ọkọ̀ so mọ́lẹ̀, ó sùn jẹ́ẹ́. Tí ìgbì bá bẹ̀rẹ̀ sí í mi ọkọ̀, á ru sókè, á dí fítà, ìyẹn asẹ́ epo, pa, ẹ́ńjìnì á sì kú ní ẹnu omi gan-an níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù. Ẹ gbé fítà epo tó pọ̀ dání, kí ẹ sì ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ ara yín ní èbúté. Ẹ mú bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì, fíúùsì, pẹ̀lú impeller méjì fún ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn rọ́bà oníyẹ̀ẹ́ tó ń fa omi òkun wọlé láti mú ẹ́ńjìnì tutù.

Èèyàn méjì ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté àti bí a ṣe ń pe Mayday, igbe ìrànlọ́wọ́ lórí rédíò. Bí ọkọ nìkan bá mọ̀ ọ́n, tí ọkọ sì ṣubú sómi, ta ló fẹ́ padà wá gbé e? Ní Florida, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1988 gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹ̀kọ́ ààbò kó tó wa ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ tó ẹṣin 10.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹ kò gbọ́dọ̀ da ohun tó wà níbẹ̀ sómi láàárín máìlì 3 sí etíkun láìṣe ìtọ́jú rẹ̀, Long Island Sound àti gbogbo omi Massachusetts kò sì gba èyí tí ẹ tọ́jú pàápàá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú táǹkì, kí màrínà fà á. Fún oúnjẹ, gààrí, ẹ̀lùbọ́ àti ẹja gbígbẹ kò nílò fìríìjì. Ẹ sì mú atalẹ̀ dání fún èébì.

Láti Chesapeake dé Maine

Chesapeake tó bí máìlì 200, ó sì kún fún okùn pàkúté alákàn tó lè lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ (propeller) abẹ́ ọkọ̀. Lókè rẹ̀ ni odò àfọwọ́gbẹ́ C&D, máìlì 14, tó gbé yín dé Delaware. Ẹ jẹ́ kí omi tó ń fà gbé yín sọ̀ kalẹ̀ dé Cape May, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń ti gúúsù ìlà oòrùn bọ̀.

Ọ̀nà inú New Jersey kò jìn tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, torí náà òkun ni: Cape May, Atlantic City, Manasquan, Sandy Hook. Ẹ má gbìyànjú ẹnu omi Barnegat lójú ìgbì. Ní New York, ìṣàn Hell Gate lè tó nọ́ọ̀tì 5; ẹ wo tábìlì ìṣàn, kì í ṣe ti ìkún omi, kí ó lè wà lẹ́yìn yín. Ohun kan náà ni fún Cape Cod Canal, tí wọ́n ṣí ní 1914, níbi tí ìṣàn ti ju nọ́ọ̀tì 4 lọ. Tí afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀ oòrùn bá pàdé ìṣàn tó ń jáde sí Buzzards Bay, ẹ dúró ní Onset.

Maine ni òpin. Omi ibẹ̀ tutù débi pé ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀ kò ní àkókò púpọ̀, torí náà láífù jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn, kì í ṣe nínú àpótí. Kùrukùru nínú oṣù Keje lè bo imú ọkọ̀ lójú ẹni tó ń wà á. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka rédà lọ́jọ́ tí ojú bá mọ́ kedere, kí ẹ lè fi ohun tó ń fi hàn wé ohun tí ẹ ń fojú rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn àbọ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án. Ẹ ṣọ́ New York nígbà náà: bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá ń ṣe ìpàdé ńlá wọn, Coast Guard máa ń ti apá kan East River. Ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ kọjá ààlà tó wà nínú ìwé adójútòfò yín kí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ tó pé, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìbí ta ni wọ́n ń ṣe ní Miami.